Ṣígé, Ìyá Tó Kọ́kọ́ Tọ́ Ẹja Inú Àgbá Wò

Ní ayé àtijọ́, kí fíríìjì tó dáyé, kí ẹnikẹ́ni nínú ìdílé bàbá yín tó gbọ́ pé ibì kan ń jẹ́ Ẹ̀pẹ́, obìnrin kan wà ní ilẹ̀ Jàpáànì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ṣígé. Òun ni ìyá tó bí ẹni tó bí ẹni tó bí ẹni tó bí bàbá yín Másáò. Ẹ jókòó dáadáa. Àkànní, gbé ẹsẹ̀ rẹ kúrò lórí àga yẹn. Àjọkẹ́, fi abọ́ sílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò tíì ní jẹun.

Èmi kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yẹn, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí mi sí, ẹja yíyan ni mo fi tọ́ ìyá yín, èéfín ẹja ló sì sọ ojú mi di báyìí. Ṣùgbọ́n Ìyá Másáò, ìyá tó bí bàbá yín, fẹnu ara rẹ̀ sọ ìtàn yìí fún mi nínú ilé ìdáná rẹ̀, ìyá yín sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi bó ṣe ń sọ ọ́. Ó ní kí n sọ ọ́ fún yín ní èdè tèmi, kí bàbá yín sọ ọ́ ní èdè tiwọn, kó má bàa sọnù sáàárín ọ̀nà. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá rí ìrẹsì àti ẹja nínú abọ́ kan ṣoṣo, àyà mi á kọ́kọ́ já ná kí n tó fọwọ́ kàn án. Ẹ ó gbọ́ ìdí rẹ̀.

Etí adágún omi ńlá kan ni Ṣígé ń gbé. Omi náà fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó dúró ní bèbè kan kò fi lè rí bèbè kejì, bíi ti ọ̀sà tiwa nígbà tí ìkùukùu bá bò ó. Góhéì ni orúkọ ọkọ rẹ̀, apẹja ni. Ọmọ méjì ni wọ́n bí. Kíyo obìnrin ni àgbà, Sénta ọkùnrin ni àbúrò. Ìyá Góhéì náà ń bá wọn gbé, arúgbó tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ti là á sọ pé báyìí ni kí wọ́n ṣe, báyìí náà ni gbogbo ilé á ṣe, Góhéì pàápàá tó ń bá ìjì jà lórí omi kì í bá a jiyàn.

Àwa níbí, tá a bá pa ẹja púpọ̀, iná la mọ̀. A ó yan án. Wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Tí òtútù bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ẹja kan tó fara jọ èpìyà á wá sí bèbè omi, ẹyin á kún inú rẹ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n ń pa á. Wọ́n á ha ìpẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò ní la ikùn rẹ̀ o. Abẹ́ etí rẹ̀ ni wọ́n á ti fa ìfun rẹ̀ jáde, díẹ̀díẹ̀, kí ẹyin má bàa dànù. Wọ́n á ki iyọ̀ sí i lẹ́nu, wọ́n á tò ó sínú iyọ̀, ó di ìgbà tí oòrùn bá mú gan-an. Wọ́n á wá fọ iyọ̀ náà kúrò, wọ́n á sá ẹja náà sí afẹ́fẹ́, wọ́n á sì se ìrẹsì. Ìrẹsì náà gbọ́dọ̀ tutù pátápátá. Tó bá fi gbígbóná wọ inú àgbá, ó ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ nìyẹn. Wọ́n á tẹ́ ìrẹsì sísàlẹ̀ àgbá onígi, wọ́n á to ẹja lé e, wọ́n á tún tẹ́ ìrẹsì, wọ́n á tún to ẹja, títí àgbá á fi kún. Wọ́n á fi pákó dé e, wọ́n á gbé òkúta ńlá lé pákó, wọ́n á da omi lé e lórí kí afẹ́fẹ́ má bàa rí ọ̀nà wọlé. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di kí á máa dúró.

Inú àgbá yẹn, ìrẹsì á máa kan bí ògì ṣe ń kan. Kíkan rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ẹja bàjẹ́. Tí afẹ́fẹ́ tútù bá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, ìgbà yẹn ni wọ́n ń ṣí i. Egungun ẹja á ti rọ̀, ẹ lè jẹ ẹ́ tìrùtìrù. Ìrẹsì ńkọ́? Wọ́n á gbọ́n ọn dànù. Mo ní kí ìyá yín tún un túmọ̀ fún mi nígbà tí mo gbọ́ ọ, mo rò pé mi ò gbọ́ ọ dáadáa ni. Ìrẹsì tí wọ́n gbìn, tí wọ́n kórè, tí wọ́n sè, wọ́n á gbọ́n ọn dànù fún adìẹ. Àṣà wọn nìyẹn nígbà náà, kò sì sẹ́ni tó bi ara rẹ̀ léèrè.

Wàyí o, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Tí wọ́n bá ṣí àgbá náà kó tó tó àsìkò, oró lè wà nínú rẹ̀. Kì í rùn. Kì í yí àwọ̀ padà. Ẹni tó jẹ ẹ́ lè máa lá ọwọ́ pé ó dùn. Ojú àti ahọ́n ni oró náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìpéǹpéjú á wúwo, ahọ́n á wúwo, ọ̀rọ̀ á máa fà lẹ́nu, ẹni náà kò ní lè gbé itọ́ mì, tó bá yá, èémí á dúró. Àbúrò Góhéì, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Rínsò, òun àti ìyàwó rẹ̀ àtàwọn ọmọ wọn ló bá a lọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n kánjú ṣí àgbá tiwọn. Ìyá Góhéì ló wẹ òkú gbogbo wọn. Láti ọjọ́ tó ti sin wọ́n, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ Rínsò sí etígbọ̀ọ́ òun mọ́. Ó sì ṣe é ní òfin nínú ilé náà pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbé òkúta kúrò lórí àgbá àfi tí òtútù bá dé.

Ó wá di ọdún kan, òjò rọ̀. Ó rọ̀, ó rọ̀, kò dá. Adágún kún, ó kọjá bèbè, ó wọ oko ìrẹsì, ó gbé gbogbo rẹ̀ lọ. Nígbà tí òjò dá, ìjì kò dá. Kò sí ọkọ̀ tó lè wọ omi. Góhéì gbìyànjú rẹ̀, omi da ọkọ̀ rẹ̀ dé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má bọ̀ mọ́. Oúnjẹ tó wà nílé tán. Wọ́n jẹ ọkà ẹran ọ̀sìn, ìyẹn náà tán. Wọ́n ń wa gbòǹgbò igi, wọ́n ń se koríko. Gbogbo abúlé ló wà bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tí wọ́n lè lọ tọrọ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Kíyo kò ṣeré mọ́. Sénta ní tirẹ̀ máa ń ké láti àárọ̀, etí gbogbo ilé kì í sinmi. Ó wá di ọjọ́ kan, kò ké mọ́. Ó kàn dùbúlẹ̀, ó la ojú sílẹ̀, ó ń wo àjà. Ìgbà tí ọmọ náà dákẹ́ ni ẹ̀rù tó ba Ṣígé. Ẹ̀yin ò tíì bímọ, ẹ ò lè mọ irú ẹ̀rù yẹn. Èmi mọ̀ ọ́n. Ìyá yín ṣe àìsàn rí nígbà tó wà ní kékeré, ó dákẹ́ bẹ́ẹ̀, mo gbé e sáré láti ilé dé ọsibítù láìwọ bàtà.

Àgbá wà ní ẹ̀yìn ilé, ní ibòji, òkúta ń bẹ lórí rẹ̀. Gbogbo ẹja tí wọ́n pa lọ́dún náà ló wà nínú rẹ̀. Oòrùn ṣì ń mú, òtútù ṣì jìnnà réré. Ṣígé á lọ síbẹ̀, á tẹ̀ ba, á wo omi orí àgbá. Nígbà tí ìrẹsì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kan, omi náà máa ń hó kẹ́kẹ́kẹ́. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí kò hó mọ́. Òórùn rẹ̀ mú ṣáṣá bí omi orí ògì tó ti kan délẹ̀. Ó rò ó nínú ara rẹ̀ pé bóyá ó ti jiná tán, bóyá òtútù tí wọ́n ń dúró dè, àṣà lásán ni. Ó tún rò ó pé bóyá bí ìyàwó Rínsò náà ṣe rò ó nìyẹn. Ó máa ń rò ó síwá, rò ó sẹ́yìn, á dìde, á wọlé, kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí Sénta dákẹ́, ó sọ ọ́.

Ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá ọkọ rẹ̀. Ó ní, “Ìyá, àwọn ọmọ yìí ò ní lè dúró de òtútù.”

Ìyá Góhéì ní, “Mo gbọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni èyí tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún ṣe sọ.”

Ṣígé ní, “Ẹ jẹ́ kí èmi nìkan jẹ ẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Màá máa pe orúkọ yín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, tí ahọ́n mi ṣì ń pe orúkọ yín bó ṣe yẹ, kí ẹ fún àwọn ọmọ jẹ. Tí ahọ́n mi bá wúwo, kí ẹ gbẹ́lẹ̀, kí ẹ ri àgbá náà mọ́ ọn.”

Góhéì fò dìde. Ó ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, òun ni òun máa jẹ ẹ́, òun ni ọkùnrin. Ṣígé bi í pé tí ìjì bá rọlẹ̀ lọ́la, ta ló máa wọ omi lọ pa ẹja fún àwọn ọmọ. Góhéì tún jókòó.   Ìyá rẹ̀ nàgà mú ọ̀pá rẹ̀, ó rìn lọ sí ẹ̀yìn ilé, ó jókòó ti àgbá náà. Wọ́n mọ̀ pé ó ti gbà nìyẹn.

Wọ́n gbé òkúta kúrò ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ṣígé mú ẹja kan, ó gé e wẹ́wẹ́. Ó wá ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni nínú ilé náà kò ṣe rí. Ó bu ìrẹsì tó wà lára ẹja náà sínú abọ́, ìrẹsì kíkan tí wọ́n máa ń dà fún adìẹ, ó jẹ ẹ́ pọ̀ mọ́ ẹja. Góhéì ní kí lèyí. Ó dá a lóhùn pé ẹja nìkan kò ní pẹ́ tán, ṣùgbọ́n tí ìrẹsì náà bá ṣe é jẹ, oúnjẹ inú àgbá náà á gbé wọn dé ìgbà tí ìjì máa lọ. Ó ní tí oró bá wà nínú ìrẹsì, kó yáa hàn lára òun. Ó jẹ abọ́ náà tán, ó mu omi, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kí ìmọ́lẹ̀ lè tàn sí i lójú dáadáa.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ. Á pe ìyá ọkọ rẹ̀, á pe Góhéì, á pe Kíyo, á pe Sénta. Wọ́n á jẹ́. Á dákẹ́ díẹ̀, á tún pè wọ́n. Òórùn oúnjẹ wà nínú ilé, àwọn ọmọ ń gbọ́ ọ, wọn kò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Góhéì di ọwọ́ Kíyo mú. Ìyá Góhéì jókòó kọjú sí Ṣígé gbágbáágbá, ó tẹjú mọ́ ìpéǹpéjú rẹ̀, bí ẹni tó ń wo ìkòkò kó má bàa hó dànù.  Tí Ṣígé bá wúkọ́ lásán, wọ́n á dìde. Tó bá nu ojú, wọ́n á dìde. Òun alára ń bẹ̀rù, ẹ má rò pé kò bẹ̀rù. Ó sọ ọ́ lẹ́yìn náà pé gbogbo ìgbà tí òun bá la ẹnu láti pe Sénta, ẹ̀rù máa ń ba òun pé orúkọ náà kò ní jáde.

Nígbà tó di ọ̀sán, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pa dé. Ó pe Kíyo, ohùn rẹ̀ fà. Ó pe Sénta, orúkọ náà dá sí méjì lẹ́nu rẹ̀, orí rẹ̀ sì tẹ̀ wálẹ̀. Kíyo bú sẹ́kún. Góhéì gbé ọkọ́, ó gba ẹ̀yìn ilé lọ, wọ́n sì ń gbọ́ bó ṣe ń gbẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ ibi tí yóò ri àgbá náà mọ́ ló ń gbẹ́, ó sì mọ̀ pé kò ní pẹ́ tí òun á fi gbẹ́ òmíràn.

Ìyá rẹ̀ wọ́ ara lọ bá Ṣígé. Ó gbá àgbọ̀n rẹ̀ mú, ó gbé ojú rẹ̀ sókè, ó fi àtàǹpàkò ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀. Ó ní kó gbé itọ́ mì. Ṣígé gbé e mì. Arúgbó náà wò ó títí. Ó wá sọ pé, “Pe orúkọ ọmọ mi tó kú.”

Ṣígé la ojú. Ó rò pé òun kò gbọ́ ọ dáadáa. Ìyá náà tún un sọ. Ṣígé fa ara rẹ̀ ró, ó pè é ketekete, kò fà, kò dá: “Rínsò.”

Omi bọ́ lójú arúgbó náà. Ó pẹ́ gan-an tí orúkọ yẹn ti dé inú ilé náà kẹ́yìn. Ó kígbe pe Góhéì pé kó ju ọkọ́ sílẹ̀. Ó ní, “Oorun ni. Ebi ti pa á tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé ìgbà tó jẹun ni oorun rí i gbé. Ẹ jẹ́ kó sùn díẹ̀, màá máa jí i.” Bó ṣe jókòó tì í nìyẹn. Á jẹ́ kó sùn, á gbọ̀n ọ́n, á ní kó pe Rínsò, Ṣígé á pè é, á tún jẹ́ kó sùn. Báyìí ni wọ́n ṣe é títí ilẹ̀ fi mọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ṣígé bọ́jú, ó pe gbogbo wọn lórúkọ, ohùn rẹ̀ já gaara. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ bu oúnjẹ fún àwọn ọmọ, díẹ̀díẹ̀, kí inú wọn tó ti gbẹ má bàa kọ̀ ọ́. Sénta jẹ ìrẹsì kíkan náà, ó fajú ro pé ó kan jù. Ó bú sẹ́kún. Gbogbo ilé ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sunkún, nítorí pé ọmọ náà ti ní agbára láti ké. Wọ́n bu nínú rẹ̀ fún àwọn aládùúgbò, Ṣígé sì lọ bá wọn wo omi orí àgbá tiwọn, ó ń fi ẹnu ara rẹ̀ tọ́ ọ wò kí wọ́n tó jẹ. Oúnjẹ náà gbé wọn dé ìgbà tí ìjì rọlẹ̀.

Ẹ rí i, láti ọjọ́ náà ni ìdílé yín kò ti da ìrẹsì inú àgbá nù mọ́. Ìyá Másáò ní bí súṣì, oúnjẹ ìrẹsì àti ẹja yìí, ṣe bẹ̀rẹ̀ nínú ilé tiwọn nìyẹn. Àwọn ọmọ Ṣígé ò lè fara da dídúró bíi ti ìyá wọn, wọ́n ń tètè ṣí i. Àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ní tiwọn ò fẹ́ dúró rárá, wọ́n ní ṣé kíkan lẹ ń wá, wọ́n bá da ọtí kíkan sí ìrẹsì, wọ́n po iyọ̀ àti ṣúgà díẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ kó lè tutù, ó parí. Àwọn kan ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ inú àpótí pẹlẹbẹ, wọ́n á fi ẹja bò ó, wọ́n á gé e bíi mọ́ínmọ́ín. Àwọn mìíràn ń fi ìka ṣù ú ní kékeré, wọ́n á gbé pelebe ẹja tútù tàbí edé lé e. Èyí tí Àkànní fẹ́ràn, tí wọ́n ń fi ewé inú òkun dúdú yẹn ká, tí apálá wà láàárín rẹ̀, ìyẹn náà wà níbẹ̀. Wọ́n tún ní èyí tí wọ́n kàn ń fọ́n ẹja àti ẹyin dídín sórí ìrẹsì nínú abọ́, èyí tí wọn ò wulẹ̀ yọ ara wọn lẹ́nu ṣù. Gbogbo rẹ̀ pátá, ìkánjú ló bí i. Ata ewéko yẹn tí wọ́n ń fi jẹ ẹ́, tó ń ta lọ sí imú, nìkan ni mi ò tíì rí ẹni tó sọ ìdí rẹ̀ fún mi.

Ẹni tó bá ṣe é nínú ìdílé yín ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Ọwọ́ gbogbo ẹni tó kù á wà lórí itan. Yóò jẹ ẹ́, yóò gbé e mì, yóò sì pe gbogbo ẹni tó wà nídìí oúnjẹ lórúkọ, kó tó wá pe ẹni tó kú kẹ́yìn nínú ilé náà, orúkọ rẹ̀ gan-an, láìfi nǹkan kan bò ó. Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ síbẹ̀, ọjọ́ ìsọmọlórúkọ Àjọkẹ́, mi ò mọ̀. Èmi àna, èmi àlejò, mo jókòó, Ìyá Másáò gbé oúnjẹ sílẹ̀, ó bu tirẹ̀ sẹ́nu níṣojú mi kó tó fún mi. Inú bí mi gan-an. Mo ní ọ̀jẹun wo nìyí. Ọjọ́ yẹn ló mú mi wọ ilé ìdáná rẹ̀, níbi tó ti sọ ìtàn yìí fún mi.

Ìyá Másáò ti lọ báyìí. Ẹ mọ̀. Láti ìgbà tó ti kú, òní ni a kọ́kọ́ ń ṣe oúnjẹ yìí, ìyá yín ló sì ṣe é. Ó ti ń bọ̀ wá jókòó yẹn. Mo mọ̀ pé àárọ̀ yìí ni wọ́n ra ẹja náà, mo mọ̀ pé inú yìnyín ló wà, mo mọ̀ pé kò sí nǹkan kan tó máa ṣe é. Síbẹ̀ ọmọ mi ni, òun ló sì máa kọ́kọ́ fi í sẹ́nu, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Nǹkan mìíràn tún wà nínú ọkàn mi. Nílé tiwa, ìyàwó kì í pe ìyá ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ láti kékeré, kò sì pe obìnrin yẹn lórúkọ rí lọ́jọ́ ayé rẹ̀, “Màmá” ló ń pè é. Mi ò mọ̀ bóyá ẹnu rẹ̀ máa gbà á.

Ẹ gbé ọwọ́ lé itan. Bàbá Àkànní, ẹ̀yin náà. Ó ti fi sẹ́nu. Ẹ dákẹ́, ẹ wo ọ̀fun rẹ̀. Ó ti gbé e mì.

“Màámi. Bàbá Àkànní. Àkànní. Àjọkẹ́.”

Ó dákẹ́. Ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Pè é, ọmọ mi. Mo fún ọ láṣẹ, pè é.

“Tómóè.”

Ẹ jẹun, ẹ̀yin ọmọ.